Ẹ̀rín Ni àbí Ẹkún: Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà àti Ọ̀gágun Géńtò

"Ó ti kú ni, àbí kò tíì kú?"

Ìyá Àgbà ló béèrè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú abọ́ ńlá, ó ń fi lọ́fíńdà po èérún igi tùràrí, ó sì tẹ orí sí apá ibi tí ohùn Waheedat ti ń wá.

"Kò tíì yé mi, Ìyá Àgbà. Èéfín ló bo ibẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti kẹ̀yìn sí èéfín, ó ń lọ sílé."

Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró. "Ó kẹ̀yìn sí i? Kò lọ wò ó bóyá ó kú?"

"Kò lọ wò ó."

"Haba! Irú ọmọ wo nìyí? Ta ló kọ́ ọ níjà?"

Kí Waheedat tó dáhùn, ọ̀tá ti fò yọ nínú èéfín, ó sì ti gé ọmọkùnrin náà lápá. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èérún tùràrí fò sára aṣọ. "Mo mọ̀!" ló wí. "Mo mọ̀, wàláhì!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wo eré àwòrán àwọn ará Japan, èyí tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní ánímè, nínú ilé kan lẹ́yìn ọjà Sábọ̀n Gàrí ní Zaria. Ọmọ á fi ojú wò ó lórí fóònù, ìyá àgbà á fi etí wò ó.

Àlájà Hàwáù ni wọ́n ń pe ìyá náà níta. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n inú ilé yìí ni wọ́n bí òun sí. Tùràrí ló ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, kò sì sí ìyàwó tuntun ládùúgbò tí wọn kò fi tirẹ̀ fín yàrá fún. Imú rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Tó o bá wọlé, á ní, "Èéfín kẹ̀kẹ́ wà lára ẹ, o ò fẹsẹ̀ rìn wá," tàbí, "Kí lo fi àkàrà kósè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín pa mọ́ sínú àpò fún?" O ò lè jẹ kósè gbẹ́yìn rẹ̀ láéláé.

Ojú ló kọ̀ fún un. Nǹkan funfun tí àwọn Hausa ń pè ní yánà ló bo méjèèjì. Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ, bó sì ṣe lọ kò dùn ún gbọ́. Àwọn ọkùnrin kan wà lápá ibí tí wọ́n ń gbé àpò kékeré láti ilé dé ilé, wọ́n ní àwọn ń la ojú. Wọn kì í yọ nǹkan funfun náà o. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Ọ̀kan nínú wọn jókòó ti Ìyá Àgbà lórí ẹní ní ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni nílé. Nígbà tí Láwàl, àkọ́bí rẹ̀, fi máa ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìyá rẹ̀ ti ń sọ àwọ̀ ewúrẹ́ orí ààtàn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Inú ilé dùn. Wọ́n fi ìrẹsì ṣe sàráà. Kò pẹ́ tí ojú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó wú, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì kú pátápátá.

Láti ìgbà náà, ẹnì kan kò gbọdọ̀ pe ojú àti abẹ́rẹ́ pọ̀ létí rẹ̀.

Ojú ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti funfun. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń fi rí. Dókítà ojú ti sọ fún Láwàl pé èyí ṣì ṣeé là, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sílẹ̀ títí, nǹkan náà á le bí òkúta, ọwọ́ lè má ká a mọ́. Láwàl bẹ̀bẹ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi, iṣẹ́ abẹ tòótọ́ ni tàwọn wọ̀nyí."

"Àjàní, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é náà ní tòótọ́ ni tòun."

"Ẹni yẹn kì í ṣe dókítà!"

"Mo gbọ́. Tí èyí náà bá wá lọ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ń mọ̀ pé oòrùn ti yẹ̀, pé ó tó kí n ṣe àlùwàlá, ṣé ìwọ lo máa wá máa gbé e fún mi? Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù."

Láwàl á dìde, á gbọn ẹ̀yìn bàbáńrìgá rẹ̀, á jáde. Ọ̀rọ̀ á kú síbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí ni ánímè wọlé. Waheedat, ọmọ Láwàl, ló ń bá ìyá àgbà rẹ̀ ta tùràrí. Bí wọ́n bá jókòó po ọjà lẹ́yìn ìrun àsárì, ọmọ náà á ki nǹkan bọ etí, á máa wo fóònù, á sì máa dá rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, Àmọ̀kẹ́? Sọ fún mi kí èmi náà rín."

Waheedat bẹ̀rẹ̀ sí í fi Hausa sọ ọ́, nítorí Hausa ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ sókè. "Hausa ń bẹ níta tó. Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́ fún mi." Ẹ wo wàhálà! Báwo lèèyàn ṣe ń fi Yorùbá sọ pé ọkùnrin kan fò kọjá òrùlé mẹ́fà, tí idà rẹ̀ ń yọ iná búlúù? Waheedat á sọ gbólóhùn kan, á dúró, á wá ọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà á fún un ní ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á tẹ̀síwájú. Kí ọyẹ́ tó parí, ọmọ náà ti ń sọ Yorùbá bí ẹni tó dàgbà sí Ìlọrin.

Eré náà jẹ́ ti ìlú kan lórí òkè tí yìnyín bò. Ọ̀tá yí ìlú náà ká, àwọn jagunjagun rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnubodè. Ìyá Àgbà kò bìkítà ẹni tó borí. Ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni, "Níbo ló ti ṣì í ṣe?" Ẹni tó bá ń wo ánímè mọ̀ pé ìbéèrè tó dùn jù nìyẹn. Àṣìṣe ni gbogbo adùn rẹ̀! Bí kò bá sẹ́ni tó ṣì í ṣe, eré á parí níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń dúró láàárín ìjà, tí á máa ṣàlàyé agbára rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa á, títí dórí bí agbára náà ṣe ń tán.

"Ó ń polówó ọjà ni?" Ìyá Àgbà béèrè. Waheedat rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi bọ́ sínú abọ́ tùràrí.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nátsúe, òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó gbọ́ ẹkún ọmọdé níta, nínú òtútù, ó sì ṣílẹ̀kùn. Kò sí ọmọdé kankan, ọ̀tá ló ń fi ohùn ṣe bí ọmọ. Waheedat rò pé ìyá àgbà á bú Nátsúe bó ti bú àwọn yòókù. Ìyá Àgbà kàn ń fi ìka wá èérún inú abọ́.

"Èmi náà á ṣí i," ló wí.

Ibi tí wàhálà ti dé gan-an ni ọ̀rọ̀ Géńtò. Géńtò ni ọ̀gágun ìlú náà. Ó bá Ṣíróbà, olórí ọ̀tá, jà, ó gbé e ṣubú, ó fi idà lé e lọ́rùn. Ó kù kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé idà kúrò, ó fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un pé kí ó máa lọ. Ṣíróbà padà wá, ó sì sun gbogbo ìlú náà kanlẹ̀.

"Àṣìṣe kan tó jó gbogbo ìlú!" Ìyá Àgbà fọwọ́ bo ẹnu. "Kí ló dé tó fi í sílẹ̀?"

"Ìgbéraga ni. Ó rò pé kò lè ṣe òun ní nǹkan kan mọ́. Àní ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé idà kúrò. Mo rí eyín rẹ̀."

"Ẹ̀rín kẹ̀?" ẹnì kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Túbọ̀sún ni. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó ń kọ́ ìwòsàn ẹran ní yunifásítì, Hayin Dogo ló sì ń gbé. Òun ló máa ń ra tùràrí lọ́wọ́ wọn fi tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló ń da àwọn eré wọ̀nyí sórí fóònù Waheedat. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó sì kọjú sí Waheedat.

"Ẹkún lọkùnrin yẹn ń sun. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ní kékeré. Àánú ló ṣe é. Màmá, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, kò wò ó dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún, màlúù lẹ mọ̀ ọ́n wò. Ẹ jẹ́ kí àwa máa wo èèyàn."

"Màlúù gan-an mọ̀ pé ẹkún ni!"

"Ẹ dákẹ́ ná," Ìyá Àgbà wí. "Ṣé omi wà lójú rẹ̀?"

Túbọ̀sún ló dáhùn. "Irun bo ojú rẹ̀, Màmá."

"Ẹnu nìkan lẹ rí?"

"Ẹnu nìkan."

"Ẹnu kan náà?"

"Ẹnu kan náà, Ìyá Àgbà," Waheedat wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni."

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Fèrè ni wọ́n ń fọn."

Ìyá Àgbà nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gba fóònù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ó ní kí wọ́n tún ibẹ̀ fi sí i, kí wọ́n tún un fi sí i. Fèrè náà ń dún lọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ fèrè ìdùnnú, ó lè jẹ́ ti ìbànújẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, idà dún wọnú àkọ̀, ó tán. Etí tí kì í tàn án yìí, kò rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ká a lára. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín ni, ìgbéraga ló jó ìlú. Bó bá jẹ́ ẹkún, àánú ló jó o. Ohun kan náà ni ọwọ́ Géńtò ṣe, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Èwo ni kí òun bú, èwo ni kí òun bá kẹ́dùn? Títí Túbọ̀sún fi gbé ọjà rẹ̀ lọ, wọn kò rí i yanjú.

Nígbà tí Láwàl dé, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó. "Àjàní, wá bá mi wo ọkùnrin kan."

Láwàl rò pé àlejò ló wà nínú ilé. Waheedat na fóònù sí i. Ó wò ó, ó bọ́ fìlà, ó tún wò ó.

"Ìyá mi, ó dà bí ẹni tí eyín ń dùn."

"Lọ jẹun," ìyá rẹ̀ wí.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà da ọjà tuntun sórí ẹ̀yín iná láti dán an wò. Èéfín tó jáde rùn bíi ṣúgà tó jóná. Waheedat wò ó, ẹnu yà á. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

"Ìyá Àgbà, ṣúgà tí ẹ pò mọ́ ọn ti pọ̀ jù."

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Dà á nù." Ó jókòó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún. Lẹ́yìn náà ló pe Láwàl, tó ń múra ṣọ́ọ̀bù. "Dókítà tó ò ń wí yẹn, ṣé ó ṣì ń bẹ níbẹ̀?"

Láwàl kò mọ̀ bóyá kí òun rín tàbí kí òun dọ̀bálẹ̀. "Ó wà, Ìyá mi. Ó wà! Kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Kí ló kàn ẹ́? Ṣé kì í ṣe o ní kí n lọ ni?"

Waheedat nìkan ló mọ̀, ó sì pa á mọ́ sínú. Ọ̀ràn náà ń dẹ́rù bà á. Bí ojú kan tó kù yìí bá lọ ńkọ́? Nítorí ẹnu ọkùnrin kan tí wọ́n yà sórí bébà ní ìlú òkèèrè!

Dókítà Morọ́láolúwa ni dókítà náà, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Ìyá Àgbà gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀, àti ti ọsàn. Ó fọwọ́ bà á lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ máa tì í sẹ́yìn ni?"

"Rárá, Màmá. A máa yọ ọ́ kúrò pátápátá, a ó fi gíláàsì kékeré dípò rẹ̀. A kì í tì í. Èyí tí wọ́n tì sẹ́yìn fún yín lọ́jọ́sí, ibẹ̀ ló wà tó fi ba ojú jẹ́."

"Ṣé ó lè bàjẹ́?"

Dókítà náà kò parọ́. "Ó lè ṣẹlẹ̀, Màmá, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ báyìí ni mo mọ̀ dájú pé ó máa bàjẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Iná ńlá kan tàn lórí rẹ̀, ó rí i gẹ́gẹ́ bí oòrùn inú èéfín. Ó gbọ́ tí irin kékeré kan kan àwo. Ìró yẹn! Ìró yẹn gan-an ló gbọ́ lórí ẹní lọ́jọ́sí. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ ní kí wọ́n pe Láwàl, kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ pàdé, ètè rẹ̀ fà sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, kò sì lè pa á dé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," Dókítà Morọ́láolúwa wí. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí?"

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ìbẹ̀rù yẹn, ó gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rín? Òun? Ó fi ahọ́n kan eyín ara rẹ̀ láti inú, ó fẹ́ mọ bí ẹnu òun ṣe wà. Ibi tó ti ń rò ó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò pariwo. Ó wo ògiri. Ó wo bàtà Láwàl. Ó wo Láwàl fúnra rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Àjàní, ta ló gbé irùngbọ̀n funfun lé ẹ lágbọ̀n?"

Láwàl yíjú sí ògiri, ó sì ń fi fìlà nu ojú. Èyí o, ẹnì kan kò ní jiyàn lé e lórí, ẹkún ni. Ìyá Àgbà fa Waheedat mọ́ra, ó fi ìka tọ imú rẹ̀. "Imú mi nìyí," ló wí. "Wọ́n ò sọ fún mi."

Dókítà ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín, kó má sì ṣe fọwọ́ ra ojú, nítorí náà Waheedat nìkan ló ń po tùràrí títí ojú náà fi jinná. Túbọ̀sún wá kí wọn, ó gbé ọsàn dání. Kò tíì jókòó tán tí Ìyá Àgbà fi na ọwọ́.

"Ẹ gbé Géńtò wá."

Waheedat wá ibẹ̀ jáde. Ìyá Àgbà na fóònù jìnnà sí ara, ó tún fà á bọ̀, títí ó fi rí ibi tí àwòrán ti mọ́. Yìnyín ń já bọ́. Idà kúrò lọ́rùn Ṣíróbà. Irun dúdú bo ojú Géńtò, ẹnu rẹ̀ sì hàn: eyín pàdé eyín, ètè fà sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rín ni?" Waheedat kò lè mú sùúrù.

"Màmá, ẹkún ni, àbí?"

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀.

"Ẹ̀rù ni," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà á. Ẹnu tí mo gbé lọ sórí tábìlì dókítà nìyí. Dókítà náà bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rù kẹ̀, Màmá?" Túbọ̀sún fò dìde. "Òun ló ní idà lọ́wọ́! Ẹni tó wà nílẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rù bà."

"Ìwọ ti pa èèyàn rí?"

"Rárá o!"

"Èmi náà ò tíì pa. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má tíì pa. Ó gbé idà lé ọrùn èèyàn, ó wá rí i pé òun lòun máa tẹ̀ ẹ́." Ó mi orí. "Kò lè tẹ̀ ẹ́, kò sì lè sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó jẹ́ kó máa lọ, kí wọ́n lè rò pé àánú ni."

"Nígbà náà, ṣé ẹ máa bú u?" Waheedat béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

"Mi ò gbà," Túbọ̀sún ń wí. "Mi ò gbà láé. Ẹ̀rù kọ́. Nínú apá kejì, ọkùnrin yẹn nìkan ló kojú..."

Ìyá Àgbà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ti fa fóònù mọ́ iwájú imú, ó ń wo igun kan nísàlẹ̀ àwòrán náà, níbi tí yìnyín ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè.

"Ológbò wo nìyí?"

"Ológbò?" Waheedat tẹ̀ wá wò ó. Túbọ̀sún náà tẹ̀ wá, orí wọn gbá ara wọn. Lóòótọ́, ológbò funfun kan jókòó sínú yìnyín funfun, ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń dán, ó ń wo Géńtò.

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?" Ìyá Àgbà béèrè. "Ta ló ni ín? Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Nátsúe ṣílẹ̀kùn?"

Waheedat wo Túbọ̀sún. Túbọ̀sún wo òrùlé. Lẹ́ẹ̀mélòó ni àwọn méjèèjì ti wo eré náà, tí wọ́n ti jà lé e lórí, tí wọ́n ti búra!

"A ò mọ̀, Ìyá Àgbà," Waheedat wí.

"Ẹ ò mọ̀." Ìyá Àgbà ṣe àtúntò ìrọ̀rí sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí ẹní. "Ó dáa. Ẹ bó ọsàn yẹn wá, kí ẹ sì dá eré náà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan fún mi."